Ìjọ wa ò kọrin mọ́, wọ́n kàn ń wò wá ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Èmi ni mò ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ìbàdàn, a ní kíbọ́ọ̀dù, gìtá, dírọ́ọ̀mù, àwa márùn-ún la sì ń di máìkì mú. Tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ńṣe làwọn ìjọ á dúró tí wọ́n á máa wò wá bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ti pariwo "ẹ kọrin o, ẹ kọrin" títí, pàbó ló já sí. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ kọ́kọ́ dá ariwo yẹn dúró ná. Ẹni tẹ́ ẹ bá ń bú níwájú gbogbo èèyàn, ẹnu lásán ló máa ṣí fún yín. Nínú iṣẹ́ kúáyà tí mò ń kọ́ yìí, ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé ìjọ ò ya ọ̀lẹ, orin yẹn ni ò bá wọn lára mu: ó ga jù, àbí kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú ti gba gbogbo àyè tán.

Kíì, ìyẹn bí ẹ ṣe gbé orin ga tó tàbí bẹ́ ẹ ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó, ló máa ń kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ìdánrawò, ohùn yín ti là, ẹ lè gun F, gun G lókè láìlàágùn, ṣùgbọ́n màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ńkọ́? Ẹ wá nóòtì tó ga jù nínú orin náà, kó má kọjá D tó wà lókè, ìyẹn èyí tó tẹ̀ lé C kejì téèyàn bá kà á láti middle C (C tó wà láàárín kíbọ́ọ̀dù), kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà má sì jìn ju A tó wà lábẹ́ middle C, àwọn ọkùnrin á bá tiwọn nísàlẹ̀. Orin tó bá dé doh òkè tẹ́ ẹ̀ ń kọ ní kíì F, ẹ gbé e wá sí D. Oníkíbọ́ọ̀dù yín lè ní F-sharp nìkan lòun mọ̀ ọ́n tẹ̀, wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó tẹ transpose, bọ́tìnì tó ń gbé kíì sókè tàbí sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìsìn aago méje àárọ̀, ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ohùn èèyàn ò tíì jí nígbà yẹn.

Ó tún ku máìkì. Ẹnì kan ń kọ alto, ẹnì kan ń kọ tenor, ìyẹn àwọn ohùn tó ń gbe orin lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin aṣáájú ń dárà, ohùn orin gan-an wá sọnù. Orin tí wọn ò tíì mọ̀, ẹ jọ kọ ohùn kan náà bó ṣe wà. Tí sípíkà bá sì ń dún débi pé èèyàn ò gbọ́ ara ẹ̀, á panu mọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ohun èlò dákẹ́ pátá ní ẹsẹ kan, kẹ́ ẹ gbé máìkì kúrò lẹ́nu.

Orin wo lẹ tiẹ̀ ń yàn? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Àwọn hymn tí wọ́n tú sí Yorùbá tí wọ́n wá fi tune òyìnbó kọ, tune á máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n láti kékeré ò ní mọ ibi tó forí lé. T. K. E. Phillips tó ń tẹ organ ní Cathedral Marina l'Ékòó kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1953. Ṣáájú ẹ̀, Canon J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ti ń fi native air, ìyẹn orin ìjọ tó ní ohùn Yorùbá fúnra ẹ̀, fa èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú àwo ní London ní 1922. Ẹ wá orin tó ń lọ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀, tó ní lílé àti ègbè, kí ègbè ẹ̀ má gùn. Ègbè yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, kẹ́ ẹ sì tún un kọ bíi Sọ́ńdè mẹ́ta sí mẹ́rin léraléra. Á ti sú ẹ̀yin, àwọn ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni. Àwọn tí ò rí prójẹ́kítọ̀ kà dáadáa, ẹ máa pe ìlà tó kàn fún wọn kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹ rọra bá pásítọ̀ náà sọ ọ́, tí wọ́n bá ń wo ìwàásù wọn lórí fóònù nígbà tórin ń lọ, ìjọ náà á yọ tiwọn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kẹ́nì kan jókòó sórí bẹ́ńṣì tó gbẹ̀yìn pátápátá, kó fi fóònù gba orin yẹn sílẹ̀ látibẹ̀. Tó bá jẹ́ ohùn ẹ̀yin márùn-ún nìkan lẹ gbọ́, kíì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí.