Eyín tó bàjẹ́: ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n dé e?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Alfa. Eyín ẹ̀yìn mi kan ti jẹrà, ìdajì rẹ̀ ti fọ́ lọ. Dókítà eyín ní UCH ní àwọn lè fọ inú rẹ̀, kí wọ́n dí i, kí wọ́n fi ìbòrí dé e. Tàbí kí wọ́n yọ ọ́, kí n máa lo eyín àtọwọ́dá tí à ń tì bọ ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọjà'ba ní kí n kúkú fi wúrà dé e. Ẹ̀rù àlùwàlá àti ìwẹ̀ jánábà (ìwẹ̀ ọ̀ranyàn lẹ́yìn ìbálòpọ̀) ń bà mí, pé omi lè má kan eyín náà. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàlámù. Ti omi kò le. Ìbòrí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ eyín ti di ara eyín. Nínú mázíhábì (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) ti Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, súnnà ni fífi omi ṣan ẹnu, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Èyí tí à ń tì bọ ẹnu, ẹ yọ ọ́ bó bá rọrùn. Bí ẹ bá gbàgbé, àlùwàlá yín dúró.

Wúrà ló gba àlàyé. Èèwọ̀ ni fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n Arfaja, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, tí imú rẹ̀ gé lọ́jọ́ ogun Kulab, fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kó fi wúrà ṣe é. Ó wà nínú ìwé hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) ti Abu Dawud àti ti Tirmidhi. Ibẹ̀ làwọn onímọ̀ dúró sí tí wọ́n fi gba eyín wúrà láyè fún ẹni tó nílò rẹ̀. Lónìí, tánganran aláwọ̀ eyín wà. Kí wá lẹ fẹ́ fi wúrà ṣe? Bó bá jẹ́ kó lè máa kọ mànà lóde àríyá ni, ìyẹn ti kúrò ní ìtọ́jú.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ẹ ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Àwọn tó ń rẹ́ eyín torí ẹwà ni hádíìsì ṣẹ́bi lé (àwa tá a fẹ́ràn èjí, ẹ gbọ́ o), kì í ṣe ẹni tí eyín ń dùn.

Bí dókítà bá ní gbòǹgbò rẹ̀ ṣì le, èmi á ní kẹ́ ẹ dá a sí, torí tí eyín kan bá kúrò, àwọn tó kù a máa wọ́ sí àlàfo rẹ̀. Àmàlà ò béèrè eyín, ẹran orí rẹ̀ ló ń béèrè. Àmọ́ bówó ò bá tó, yíyọ ọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má torí ìbòrí eyín yáwó èlé.

Bí ìtọ́jú náà bá bọ́ sínú Ràmàdáánì, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, ẹ ṣáà má gbé omi tàbí ẹ̀jẹ̀ mì. Bí ìrora bá le jù, ẹ ṣínu, ẹ san án padà lẹ́yìn oṣù náà.