Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé okùn abẹ́ ahọ́n ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ dókítà. Kubwa là ń gbé, ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ahọ́n ẹ̀ kì í yọ síta dáadáa, okùn kan ló so ó mọ́lẹ̀. Ìyá Hausa tó múlé tì wá ní ká pe wánsámì, onígbàjámọ̀ Hausa tó máa ń fi abẹ gé nǹkan lára ọmọ, tó gé belubelu àwọn ọmọ tiẹ̀, ó ní tá a bá fi sílẹ̀ ọmọ á kólòlò. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ẹnì kankan.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin nínú oyún ni ahọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ ẹran kan, kókó kéékèèké ló máa ń wú nílẹ̀ ẹnu, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan láàárín, wọ́n á para pọ̀ di iwájú ahọ́n, ẹ̀yìn tó sún mọ́ ọ̀fun ibòmíì ló ti wá, kódà ẹran tá a fi ń yí ahọ́n, ọ̀dọ̀ ìpàkọ́ ló ti rìn wá síbẹ̀! Níbẹ̀rẹ̀, ahọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ẹnu, àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ ẹ̀ á wá máa kú díẹ̀díẹ̀ kó lè já ara ẹ̀ gbà. Èyí tí ò kú tán ló ṣẹ́kù bí okùn. Gbogbo wa la ní in, ẹ gbé ahọ́n yín sókè níwájú dígí ẹ ó rí i, tọmọ yín ló kàn kúrú.

Kò sí nǹkan tó kan kíkólòlò níbẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ kan lè máa tiraka pẹ̀lú "l" àti "r", ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ̀rọ̀ geere.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ó ń mu ọmú? Ṣé orí ọmú yín ń bó, ṣé ó ń pẹ́ lórí ọmú títí kó má sì yó? Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tó wọ̀n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bí i. Tó bá ń sanra tí ọmú ò dùn yín, ẹ fi okùn náà sílẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e sọ́mú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà máa ń wà nígbà míì. Tó bá ṣì ku síbẹ̀, dókítà á fi sísọ́ọ̀sì tí ṣóńṣó ẹ̀ kú gé e, kì í tó ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ̀ ń gbé e sọ́mú lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn tẹ́bí yín bá ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dá, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ fítámì K tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bí i.

Ìfẹ́ ni ìyá Hausa yẹn fi sọ̀rọ̀ o, iṣẹ́ wánsámì ti pẹ́ níbí, àwọn míì máa ń pè é lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an. Ṣùgbọ́n belubelu ò kan ahọ́n, ọ̀nà ọ̀fun ló wà, abẹ kan náà tó fi gé ti ẹlòmíì ló lè kó tẹ́tánọ́ọ̀sì tàbí HIV wá, ẹ̀gbẹ́ okùn yẹn sì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ojú ihò tí itọ́ ń gbà jáde wà.

Ẹ gbé e lọ wọ̀n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ sílé, ìwọ̀n ọjọ́ ìbí ẹ̀ wà níbẹ̀.