Tọ́pù sílíńdà oníhò méjì lórí Ìjàpá 1500

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá tọ́pù sílíńdà (ìdérí tó wà lórí sílíńdà ẹ́ńjìnnì) 1600 oníhò méjì, èyí tó ní ihò méjì tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, máa wọ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) yín tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1500 cc. Ó máa wọ̀ ọ́. Tọ́pù sílíńdà 1600 oníhò méjì tí wọ́n fẹ́ tà fún yín yẹn, ẹnu rẹ̀ bá sílíńdà 1500 mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ 1300 ló wà nínú Ìjàpá yín, ẹ má dán an wò o. Sílíńdà tiẹ̀ kéré, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 77 péré.

Manifold (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú tọ́pù) ni wàhálà ibẹ̀. Oníhò kan ni tiyín, kò lè bá a lọ. Ẹ wá oníhò méjì, ẹyọ mẹ́ta tí rọ́bà so pọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fìka tẹ rọ́bà yẹn wò. Tó bá ti sán, afẹ́fẹ́ á máa gbabẹ̀ wọlé, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná.

Páànù tó bo sílíńdà náà máa yí padà. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń jù ú nù (mo ti rí i lójú mi), ooru ló sì ń pa ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ de tọ́pù náà:

1. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wọlé.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ máa dè é díẹ̀díẹ̀.
3. Stud (irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀) mílímítà 10, ẹ dè é dé 32 Nm (ìwọ̀n bí ìdè ṣe le tó). Mílímítà 8, 25 Nm.