Ìbéèrè Yín Lórí Aṣọ: Àdìrẹ Tó Ń Kun Ọrùn, Ẹ̀kọ Tó Ń Sán

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Aró òyìnbó oníyẹ̀fun ni mo fi ń rẹ àdìrẹ, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti haidirósì. Aṣọ mi máa ń dúdú dáadáa, àmọ́ ó ń kun ọrùn àti apá ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Wọn a fọ̀ ọ́ títí, omi rẹ̀ kì í mọ́. Àwọn oníbàárà ti ń dá aṣọ padà. Wọ́n ní kí n máa da iyọ̀ sí aró. Ṣé iyọ̀ ló kù ni?*
*Aláró kan, Òṣogbo*

Ẹ má da iyọ̀ sí i. Àwọn aró mìíràn tó ń yọ́ nínú omi ni iyọ̀ wúlò fún. Kò rí nǹkan kan ṣe sí aró tiyín, torí aró tiyín kì í yọ́ nínú omi lásán. Haidirósì ló ń gba ọ́síjìn kúrò nínú omi, tó sì ń yí aró padà. Sódà ló ń jẹ́ kó yọ́. Ìgbà náà ló tó lè wọ inú òwú. Bí ẹ bá wá fa aṣọ jáde sínú afẹ́fẹ́, aró á padà di búlúù, á há sínú òwú náà, kò sì ní lè jáde mọ́. Èyí tí kò yọ́ kò wọlé rárá. Orí aṣọ ló bà lé bí eruku, òun ló sì ń kun ọrùn oníbàárà yín.

Nítorí náà, kí aṣọ tó kan aró, ẹ bu díẹ̀ sínú gíláàsì kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tó fà sí yẹ́lò, tí awọ tó ń dán bíi bàbà sì bo ojú ìkòkò, ó ti jinná. Bí ó bá ṣì jẹ́ búlúù, kò tíì jinná, bó ti wù kó dúdú tó.

Ìwọ̀n tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: aró 10 gíráàmù, sódà 10 gíráàmù, haidirósì 15 gíráàmù, nínú lítà kan omi tó gbóná tó nǹkan bíi digiri 50. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Sódà ni kí ẹ máa bù sínú omi. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí, yóò ta síni lójú. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Ẹ wá pèsè lítà 10 omi tútù sínú agbada, ẹ fi ṣíbí tíì kan haidirósì sí i, kí ẹ tó rọra da aró tó ti jinná náà sí i. Ẹ má rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá wọ ibẹ̀ ń jẹ haidirósì yín ni.

Ẹ má lo ìkòkò àlúmíníọ̀mù o! Sódà máa ń jẹ ẹ́. Ike, ìkòkò amọ̀ tàbí irin tí kì í dípẹtà ló dára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ aláró ti ń ṣìnà ni pé wọ́n fẹ́ kí aṣọ dúdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á po aró kó ki, wọ́n á ri aṣọ sínú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Aró tó ki bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú òwú tán. Ṣe ló ń kó jọ sórí rẹ̀. Aró tí kò ki ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rẹ aṣọ léraléra: ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún nínú aró, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí okùn títí àwọ̀ ewé á fi di búlúù tán, kí ẹ tún padà. Ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń mú un dúdú dáadáa.

Ẹ tún wo tẹ́rù, aṣọ funfun tí ẹ ń rà láti rẹ. Tuntun rẹ̀ ní sítáàṣì ilé iṣẹ́ lára, aró kì í sì í gba inú sítáàṣì kọjá. Ẹ fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i. Lẹ́yìn aró, ẹ ṣan aṣọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí láti pa agbára sódà, kí ẹ wá fi omi ọṣẹ gbígbóná fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni kí fífọ̀ yẹn ti parí. Kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà.

Ìjà lórí sódà yìí ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ sódà àti aró òyìnbó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta àti Aláké, torí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ kò dára bíi tàtijọ́ mọ́. Lójú tiwa, ìwọ̀n àti ìkánjú ni ọ̀tá aṣọ ju sódà fúnra rẹ̀ lọ.

*Ẹ̀kọ láfún tí mo fi ya àdìrẹ ń sán kí n tó ri í sínú aró, ó sì ń ṣí kúrò nínú aró. Ẹ̀yìn aṣọ sì máa ń di búlúù pátápátá, kò sí àwòrán níbẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?*
*Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, Ìbàdàn*

Ti ẹ̀yìn aṣọ kì í ṣe àṣìṣe. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ ń bò, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Kàǹpálà tí wọ́n fi ìda ṣe ni àwòrán rẹ̀ ń hàn lójú méjèèjì, torí ìda gbígbóná máa ń wọ aṣọ já.

Ní ti ẹ̀kọ: láfún ife kan sí omi ife mẹ́rin tàbí márùn-ún, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ṣíbí tíì kan àti copper sulphate ìdajì ṣíbí. Májèlé ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má ṣe sè é nínú ìkòkò oúnjẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ju pé kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ bu lọ: bí aró bá fẹ́ gba abẹ́ ẹ̀kọ wọlé, òun ló ń sọ ọ́ di búlúù kó tó dé ara òwú. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, torí kókó kan ṣoṣo á mú kí ìyẹ́ adìẹ tí ẹ fi ń ya àwòrán fò lójú ìlà.

Ẹ̀kọ tó nípọn jù, tàbí tí ẹ sá sí oòrùn gangan, ló ń sán. Ẹ sá a sí ibòji. Èyí tó ń ṣí nínú aró, sódà yín ló pọ̀ tàbí aró yín ló gbóná. Sódà àti ooru ló ń tú ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ kí aró tutù pátápátá, kí ẹ rẹ aṣọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí ẹ má fún un, kí ó sì gbẹ tán kí ẹ tó tún un rẹ. Bí ó bá dúdú tó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí ẹ rọra họ ẹ̀kọ náà kúrò.

*Bàbá mi fi agbádá sányán sílẹ̀ fún mi. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá sányán gidi ni, báwo ni mo sì ṣe lè tọ́jú rẹ̀ níbí?*
*Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù*

Ẹ yọ òwú kan péré láti inú ìṣẹ́po, kí ẹ tanná ràn án. Sányán gidi, tó wá láti inú ilé kòkòrò Anaphe, ń rùn bí irun tó ń jó, eérú rẹ̀ sì ń rún lọ́wọ́. Bí ó bá ń rùn bíi bébà, òwú ni. Bí ó bá yọ́ tó sì di kókó líle, ike ni. Ẹ dán òwú ìnà àti òwú ìdábùú wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí wọ́n lè má rí bákan náà.

Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ wúùlù níbẹ̀ lè jẹ sányán náà. Ẹ fi aṣọ funfun dì í, ẹ fi í sínú báàgì tí ẹ dè dáadáa, kí ẹ gbé e sínú fíríísà tó tutù dé digiri 18 nísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn á pa ẹyin wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ má kó o sínú ọ̀rá. Ẹ yí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí ojú ìlà tó bá pẹ́ ní ìṣẹ́po ló kọ́kọ́ ń já.