Bí a ṣe ń pe "sphygmomanometer"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Ní wọ́ọ̀dù, "BP apparatus" ni gbogbo wa ń pe ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò, "sphygmomanometer" ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ahọ́n mi máa ń kọ́ tí mo bá dé àárín rẹ̀. Sílébù mélòó ló ní? Báwo ni mo ṣe lè pè é já geere?

Ìdáhùn: Sílébù mẹ́fà ni: sphyg-mo-ma-nom-e-ter. Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ níbẹ̀. "Sphygmo" wá láti èdè Gíríìkì, bí iṣan ṣe ń lù kì-kì-kì ló ń sọ. "Manometer" sì ni ohun tí a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ tàbí omi ṣe ń tini tó.

Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì léra, nítorí náà fáwẹ̀lì á yọ́ wọlé, a ó sì gbọ́ "sí-fí-gí-mò": sílébù méjì ti di mẹ́rin nìyẹn. Ẹ fa "sss" gùn, kí eyín òkè sì kan ètè ìsàlẹ̀ fún "f" kí èémí tó dá. "Sphere" ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò. Ní ti "g", ẹ pa ètè dé fún "m" kí "g" náà tó tú sílẹ̀. Ẹ má gbé e mì o! Inú "phlegm" àti "diaphragm" ni "g" kì í ti í dún, torí pé ìparí ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Níhìn-ín, òun ló parí sílébù kan, "m" sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ibi tí agbára wà, ìyẹn sílébù tí ohùn ń tẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ: "nom". Etí Yorùbá á gbọ́ ọ bí ohùn òkè, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú "thermometer", "barometer" àti "speedometer". "Sphyg" ní agbára díẹ̀. "Ma" kò ní rárá, ẹ má la ẹnu púpọ̀ fún un. Ẹni tó bá gbé agbára náà lé "me" lórí, bó tilẹ̀ pe gbogbo lẹ́tà pé, ọ̀rọ̀ náà á ṣì ṣàjèjì létí olùdánwò.

Láti ẹ̀yìn wá ni kí ẹ ti máa kọ́ ọ: "nómítà", "mànómítà", "mòmànómítà", kí ẹ tó wá fi "sfig" ṣíwájú. Tó bá ti yọ̀ lẹ́nu yín, ẹ fi sínú odindi gbólóhùn, torí bí ẹ ó ṣe lò ó lọ́jọ́ ìdánwò nìyẹn.