Ẹ Bi Wá: Ṣé Òótọ́ ni Raptor Ńlá inú Géèmù Ọgbà Ẹranko?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ń ta géèmù kan lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ó ti ń kọ́ ọgbà ẹranko fún àwọn dáínósọ̀, tí ó sì ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ó kó Utahraptor, ọ̀kan lára àwọn dáínósọ̀ apẹranjẹ tí wọ́n ń pè ní raptor, síbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń já wáyà jáde tí wọ́n ń pa àlejò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé tún ń bá a jiyàn pé raptor kò ju tòlótòló lọ. Ta ló jàre, kí sì ni kí ọmọ náà ṣe? Bàbá Dúró, Kubwa, Abuja.

Ìdáhùn: Bàbá Dúró, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àwọn méjèèjì ló jàre, nítorí ẹranko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Velociraptor, tí wọ́n hú egungun rẹ̀ ní Mongolia tí wọ́n sì sọ lórúkọ ní ọdún 1924, kò fi bẹ́ẹ̀ ju tòlótòló lọ lóòótọ́. Fíìmù Jurassic Park ni ó sọ ọ́ di ẹranko tí ó ga tó ènìyàn. Utahraptor ni ti ọmọ yín. Ọdún 1993 tí fíìmù náà jáde gan-an ni àwọn onímọ̀ sọ òun lórúkọ, lẹ́yìn tí wọ́n rí èékánná ńlá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ní 1991. Láti imú dé ìrù, ó gùn tó mítà 5 sí 6, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju ti akọ kìnnìún lọ. Èékánná tí ó tẹ̀ bíi dòjé lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì nìkan gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ.

Ohun tí n kò gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ya irú ẹranko yìí ni ara bọ̀rọ́bọ̀rọ́ tí wọ́n ń fún un. Ní 2007, wọ́n rí ojú ibi tí ìyẹ́ ti hù lára egungun apá Velociraptor. Ìdílé kan náà sì ni òun àti Utahraptor, nítorí náà ó ṣeé ṣe gan-an kí ìyẹ́ bo èyí náà.

Ní ti wáyà, kí ọmọ yín má ṣe kọ́kọ́ náwó lórí èyí tó nípọn jù. Nínú irú géèmù yìí, bíi Jurassic World Evolution tí ilé-iṣẹ́ Frontier gbé jáde ní 2018, ẹranko tí ara kò tù ni ó máa ń kọlu wáyà: bóyá ààyè kò gbà á, bóyá igbó tàbí omi kò tó, bóyá oúnjẹ ti tán, bóyá ó dá nìkan wà, tàbí kí wọ́n ti pọ̀ jù níbi kan. Kí ó wo gbogbo ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ó wo iná mànàmáná, nítorí wáyà oníná tí iná kò dé mọ́ kò yàtọ̀ sí wáyà lásán. N kò rò pé ó yẹ kí n máa ṣàlàyé fún ará Kubwa ìdí tí ó fi dára kí jẹnẹrétọ̀ kejì wà nílẹ̀.

Ní ti iye tí yóò fi síbi kan, òkúta yanrìn ńlá kan tí wọ́n rí ní Utah ní 2001, tí wọ́n sì gbé kúrò níbẹ̀ ní 2014, kún fún egungun Utahraptor àgbà àti ọmọ lápapọ̀. Àwọn kan gbà pé wọ́n jọ ń rìn ni. Àwọn mìíràn ní yanrìn tó ń gbé ẹran mì ni ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi yóò fi wọ́n sí ẹgbẹ́ kékeré.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ti rí dáínósọ̀ kankan nítòsí wa níhìn-ín? Òǹkàwé kan, Sókótó.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ní orílẹ̀-èdè Niger tó múlé tì yín. Níbẹ̀, nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ni wọ́n ti hú Suchomimus, tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1998, àti Nigersaurus ní 1999. Àwọn kì í ṣe raptor. Ẹja ni ti àkọ́kọ́ ń jẹ, ewéko sì ni ti èkejì. Àwọn méjèèjì wà nínú géèmù tí mo dárúkọ lókè yìí.