Fọ́ọ̀mù ₦3,000 kọ́ ló ń yọni nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí nílẹ̀ Okun níbí, ìpele karùn-ún. Oṣooṣù ni wọ́n ń gé owó ẹgbẹ́ lórí owó oṣù mi, n kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan rí. À ń gbọ́ pé àwọn olóṣèlú ni wọ́n ń kó owó náà fún. Ẹnì kan wá bá wa, ó ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ní 2018 pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ san owó ẹgbẹ́ mọ́, pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ₦3,000 wá fún fọ́ọ̀mù tí òun yóò fi yọ orúkọ wa. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Lẹ́tà tí ẹ ó fi yọ orúkọ yín kò ju ojú ìwé kan lọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ ó sì fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà yẹn kò sí nínú òfin kankan. Láti Kábà dé Ẹ̀gbẹ́ ni irú ìbéèrè yìí ti ń wá, ó sì ń bí mi nínú pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà ni wọ́n tún ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tí bébà lásán lè ṣe.

Ẹjọ́ Amẹ́ríkà yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ́ ọ lọ́rùn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mark Janus, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois, kò wọ ẹgbẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń gé nǹkan bíi dọ́là 45 lóṣù lórí owó rẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, nítorí pé ẹgbẹ́ ló ń bá ìjọba dúnàádúrà lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé gbígba owó tipátipá lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀ wọ́gi lé ohun tí ilé ẹjọ́ kan náà ti fàyè gbà ní 1977. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má san owó mọ́. Wọn kò sì ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má dá sí òṣèlú. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ìdájọ́ wọn kò de adájọ́ kankan ní Lọ́kọ́ja.

Tiwa ti wà nílẹ̀ kí tiwọn tó dé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 5, ní kí agbanisíṣẹ́ máa gé owó ẹgbẹ́ lórí owó oṣù gbogbo ẹni tó yẹ ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ lè kọ̀wé pé òun kò ṣe. Bó bá ti kọ ọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ gé e mọ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ní 2005 là á mọ́lẹ̀ pé tinútinú ni wíwọ ẹgbẹ́, pé a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹni tó kọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń gé tiyín láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí ohunkóhun nìyẹn: lójú òfin, òṣìṣẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ títí dìgbà tó bá kọ̀wé pé òun jáde. Ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ léraléra pé àwọn ní tiwọn ni yóò kọ̀wé pé àwọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gé owó wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá wà ní ìpele keje sókè kò gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn yìí ṣe tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo irú ẹgbẹ́ tó ń gba owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wà nídìí ìbéèrè yín, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ńlá wà. Ẹ rò pé bí ẹ bá ti jáde, owó yín ti bọ́ lọ́wọ́ olóṣèlú. Abala 221 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ti sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ kankan, àfi ẹgbẹ́ òṣèlú, tó gbọ́dọ̀ polongo ìbò fún olùdíje, tàbí kó dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú, tàbí kó gbé nínú ìnáwó ìdìbò ẹnikẹ́ni. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ náà ka ohun kan náà léèwọ̀: owó ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ san gbèsè olùdíje, kò gbọ́dọ̀ pe ìpàdé fún un, kò gbọ́dọ̀ tẹ ìwé ìpolongo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka yín bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti rú òfin. Ṣé bí olè bá wọlé, onílé ló wá yẹ kó kó ẹrù rẹ̀ jáde?

Ẹni tó jáde kò lẹ́nu mọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó náà. Ọmọ ẹgbẹ́ ló lè ní kí akápò gbé ìwé ìṣirò síta. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò yan alága, òun náà ló lè dìbò yọ ọ́. Òfin sì ti fi dandan lé e pé kí ẹgbẹ́ ní ìwé ìlànà, kí ayẹ̀wé-owó-wò yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí ó sì máa fi ìṣirò ọdọọdún ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè ìwé ìlànà yẹn lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa wíwo ìwé owó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ lẹ́tà, kì í ṣe ariwo ẹnu, pé ẹ fẹ́ rí ohun tó wọlé àti ohun tó jáde lọ́dún tí ìdìbò wáyé. Orí ìnáwó tí wọ́n pè ní “oríṣiríṣi” tàbí “ìrìn àjò” ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Kí ẹ tó fẹnu kan orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ rí i pé ìwé wà lọ́wọ́ yín; “a gbọ́ pé” lè sọ yín di olùjẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù ti pò ó pọ̀. Kí ẹgbẹ́ gbé olùdíje kò jọ kí ẹgbẹ́ fúngun mọ́ ìjọba. Aṣòfin ló ń fi òfin gbé owó oṣù tó kéré jù kalẹ̀. Nígbà tó kúrò ní ₦30,000 ti 2019 tó di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, tí Kogí sì gbà láti san ₦72,500, ariwo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ wà lára ohun tó mú un ṣẹlẹ̀. NULGE, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ti pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí Iléẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀. Òṣèlú ni gbogbo èyí, òfin sì gbà á. Ẹni tó ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba má fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìṣèjọba rárá, ohun tó ń sọ ni pé kó má béèrè owó.

Mo mọ ohun tí àwọn tó lòdì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ òṣìṣẹ́, kọ ọ́ ní 1937 pé dúnàádúrà bíi ti iléeṣẹ́ aládàáni kò ṣeé gbé wọ inú iṣẹ́ ìjọba bó ṣe wà. Nínú iléeṣẹ́, olówó ló ń náwó ara rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìjọba, owó gbogbo ìlú ni. Àgbẹ̀ Bùnú tí kò gba owó oṣù rí, òun ló ń bá ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ní títì bí òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ tó bá fowó gbé gómìnà wọlé, òun kan náà ni yóò jókòó bá gómìnà yẹn dá owó oṣù. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ ti lè náwó lórí ìdìbò, ìbẹ̀rù yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níbí, èmi rí i pé ibòmíràn ni ewu ti ń bọ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń gé owó ẹgbẹ́, òun ló sì ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó di okùn àpò ẹgbẹ́ mú lè fà á. Bí alága bá wá ń retí ipò lọ́dọ̀ ìjọba, ta ni yóò bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí owó oṣù bá di ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, bí ẹ ti rí i rí ní Kogí? Ní 2017 ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kéde pé òun fòfin de ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní yunifásítì rẹ̀ ní Anyigba. Ìjọba ni apá rẹ̀ gùn ju ti ẹgbẹ́ lọ níhìn-ín.

Labour Party ńkọ́? Lóòótọ́, NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ló dá a sílẹ̀ ní 2002 lábẹ́ orúkọ mìíràn, kó tó di Labour Party lẹ́yìn ìdìbò 2003. Ẹ̀tọ́ ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí ènìyàn láti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú wà ní abala 40 ìwé òfin orílẹ̀-èdè, Iléẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti gbè é lẹ́yìn nínú ẹjọ́ tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, jẹ́ ní 2003. Owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni kò gbọ́dọ̀ bá yín lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ díje, ẹ gbọ́dọ̀ ti fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò.

Bí ẹ bá ti gbọ́ gbogbo èyí, tí ẹ ṣì fẹ́ jáde, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé owó oṣù, péésílíìpù, oṣù mẹ́ta jọ. Ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo owó tí wọ́n gé. Ọ̀pọ̀ ló ń bú ẹgbẹ́ nítorí owó tó jẹ́ ti ilé gbígbé, NHF, tó jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀, tàbí ẹ̀yáwó àjẹsẹ́kù tí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn gbà.

Lẹ́yìn náà, lẹ́tà. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú fáìlì, nọ́ńbà yín, ìpele, ibi iṣẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ náà ní kíkún, àti gbólóhùn kan pé lábẹ́ abala 5(3) Òfin Iṣẹ́, ẹ kò fẹ́ kí wọ́n gé owó ẹgbẹ́ lórí owó oṣù yín mọ́ láti oṣù báyìí. Kò sídìí láti ṣàlàyé ìdí, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ fi déètì sí i, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni yóò lọ, nítorí agbanisíṣẹ́ ló ń gé owó; ẹ̀dà kan fún akápò ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tó fún alága ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń gé owó rẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ má sì bá ẹni ogún fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ilé ẹjọ́ fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù ₦3,000 yẹn yóò ti já yín kulẹ̀, torí ó fẹ́ kó orúkọ gbogbo yín sórí ìwé kan.

Owó tí wọ́n ti gé sẹ́yìn kò ní padà, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ lẹ jẹ́ nígbà náà. Ìrànwọ́ ìsìnkú àti ìdìbò ẹ̀ka yóò dópin, bí wọ́n bá sì fún yín ní ìwé ẹ̀sùn níbi iṣẹ́, kò ní sí aṣojú ẹgbẹ́ lẹ́yìn yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ní ìwé ẹ̀sùn nínú tẹ́lẹ̀, kó gbé fáìlì rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò tó lè wò ó lójú kó tó kọ ohunkóhun. Ìdáhùn gbogbogbòò ni tèmi yìí.

Ìwé ìṣirò owó oṣù máa ń tì kí oṣù tó parí, nítorí náà ẹ fún wọn ní oṣù méjì. Bí wọ́n bá ṣì ń gé e ní oṣù kẹta, ẹ kọ lẹ́tà ìránnilétí, kí ẹ so ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Gbogbo ibi tí ẹ bá mú lẹ́tà dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà náà sílé, kì í ṣe sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì.